Oúnjẹ tí ojú kò tó ni à ń dà nù

Èmi ni mo ń ra oúnjẹ nílé wa, èmi ni mo ń sè é, èmi náà ni mo sì ń nu fíríìjì. Nídìí fíríìjì yẹn gan-an ni ojú mi ti là. Ohun tí mo ń kó dà nù níbẹ̀, ó dùn nígbà tí a sè é, ebi sì ń pa wá lẹ́yìn náà. Ẹ̀yìn ló kàn wà. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà la máa ń kó síwájú, ti tẹ́lẹ̀ á sún sẹ́yìn, á sì bàjẹ́ síbẹ̀.

Abọ́ oníke tí a kò lè rí inú rẹ̀ ló burú jù. Kò sẹ́ni tó ń ṣí i wò. Ìgbà tí mo fi èyí tó mọ́ gaara rọ́pò rẹ̀, tí mo lẹ bébà tí mo kọ ọjọ́ sí mọ́ ọn, tí mo sì gbé e sórí pẹpẹ tó wà ní ọ̀gangan ojú, àwọn ọmọ ń jẹ ẹ́ láìjẹ́ pé mo pariwo.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé àwọn ọlọ́jà ló ń fi oúnjẹ ṣòfò jù. Rárá o. Ìròyìn tí ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká gbé jáde ní 2024 fi hàn pé nínú oúnjẹ tó ṣòfò ní ilé ìtajà, ilé oúnjẹ àti ilé gbogbo wa ní 2022, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ló wá láti inú ilé. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á.

Ohun kan tún wà tí a kì í kà sí: iye èèyàn tó ń gbé inú ilé là ń sè fún, kì í ṣe iye tó máa jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀kan á pẹ́ níbi iṣẹ́, òmíràn á ti jẹun níta. Ẹ béèrè láàárọ̀, kí ẹ tó wọn ohunkóhun sínú ìkòkò.

Ìbẹ̀rù pẹ̀lú máa ń mú ká da oúnjẹ nù. Àwọn kan kì í fọwọ́ kan oúnjẹ àná, pàápàá èyí tó sùn sórí tábìlì, wọn ò sì jẹ̀bi. Ẹ bù ú sínú abọ́ tí kò jìn kó lè tètè tutù, kó sì ti wọ fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé.