Àáfà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá sọ̀rọ̀

Tí ẹni tó ní OCD, àìsàn tí èrò adẹ́rùbani fi ń pààrà ọkàn, tó sì ń mú kéèyàn máa ṣe àṣetúnṣe, bá wá sọ́dọ̀ mi, tí àìsàn náà sì ti wọ inú ìjọsìn rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni pé: "Báwo ni àwọn tí ẹ jọ ń ṣe ẹ̀sìn yìí ṣe ń ṣe é?" Ìdáhùn yẹn ló ń fi ibi tí ìjọsìn parí sí hàn mí, níbi tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Èmi kọ́ ló yẹ kí n pa ààlà yẹn fún un.

Èrò burúkú tó ń já wọ ọkàn láìpè kì í ṣe ti aláìsàn nìkan. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2014, wọ́n fọ̀rọ̀ wá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 777 lẹ́nu wò ní orílẹ̀-èdè 13; ó ju 90 lọ nínú 100 wọn tó ní irú rẹ̀ wá sọ́kàn àwọn láàárín oṣù mẹ́ta. Ohun tó ń sọ ọ́ di àìsàn ni kéèyàn gbà pé dandan ni kí òun dá èrò náà lóhùn: kó tún fọ̀, kó tún kà, kó tún bèèrè. Ara á tù ú díẹ̀, ẹ̀rù á tún dé. Ohun tó sì ṣe iyebíye jù lójú ẹni náà ni ẹ̀rù ọ̀hún máa ń dì mọ́.

Obìnrin kan tí mo tọ́jú lè lo wákàtí méjì nídìí àlùwàlá. Ó mọ òfin ẹ̀sìn rẹ̀ jù mí lọ: fífọ oríkèé lẹ́ẹ̀kan ni ọ̀ranyàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni òpin, iyèméjì kì í sì í ba ohun tó dáni lójú jẹ́. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa á ní kó kírun láìṣe àlùwàlá, kó lè kojú ẹ̀rù rẹ̀. N kò fara mọ́ ọn rárá. Ìtọ́jú tó bá ní kéèyàn dẹ́ṣẹ̀ ti ń gba ohun tí kì í ṣe àìsàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yọ̀ǹda fún mi, mo bá àáfà tó fọkàn tán sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan péré la bi í: tí iyèméjì bá dé nígbà tó ń fọ̀, tàbí lẹ́yìn tó ṣe tán, kí ni kó ṣe? Àáfà ní ẹni tí iyèméjì ti di bárakú fún, kó má kà á sí, kó lọ kírun. A kọ ọ́ sílẹ̀. A sì fẹnu kò pé kò ní tún bi àáfà mọ́, kò sì ní bi ọkọ rẹ̀, torí ìbéèrè náà ti di omi mìíràn tó fi ń fọra.

Ibi tó le ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé. Nídìí ẹ̀rọ omi, ó fọ apá òsì lẹ́ẹ̀kan, ó ti ẹ̀rọ pa, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lórí rẹ̀. "Dókítà, ó dà bíi pé omi ò kan ìgbọ̀nwọ́ mi." Omi ṣì ń kán níbẹ̀, mo rí i, àmọ́ n kò sọ fún un. Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà. Orí ló kàn." Tí mo bá fi í lọ́kàn balẹ̀ pẹ́nrẹ́n, èmi náà ti ń bọ́ àìsàn náà nìyẹn.

Ní 1966 ni Victor Meyer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, kọ ọ̀nà ìtọ́jú yìí jáde, pé kéèyàn kojú ẹ̀rù láìṣe àṣetúnṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn ti mọ àìsàn náà. Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí tó kú ní 934, ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Ti Ignatius ti Loyola, ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì, ni n kì í gbàgbé. Ní Manresa, ní ilẹ̀ Spain, ní 1522, ẹ̀ṣẹ̀ tó ti jẹ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ló tún ń jẹ́wọ́. Ẹni tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ pàṣẹ pé kó fi ohun àtijọ́ sílẹ̀, àyàfi èyí tó bá hàn kedere. Lójú Ignatius, kedere ni gbogbo rẹ̀ hàn! Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àáfà, pásítọ̀ àti fadá pé kí wọ́n má fi "àyàfi" kankan sínú ìdáhùn wọn.

Àwọn mìíràn á tún nílò oògùn, n kì í sì í fi í falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé náà wà níbẹ̀. Ìyá kan tó ní OCD máa ń bi ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lálaalẹ́ bóyá òun ti tilẹ̀kùn. Ìwé iṣẹ́ wa ní kí ọmọ má dáhùn. Ọmọ wo ló máa wo ìyá rẹ̀ níran? A pe àwọn méjèèjì jókòó, ìyá fúnra rẹ̀ ló sì yan èsì náà: "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ní kí n má dá èyí lóhùn." Ó ń gbà á lẹ́nu ọmọ, nítorí àṣẹ tirẹ̀ ni.