Ọwọ́ ẹ̀ mọ iṣẹ́ o, ìwé ni ò ní

Òjò rọ̀, iṣẹ́ pọ̀, ẹ̀rọ kejì tó kọṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé ti padà ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ òní ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àfi gbólóhùn tí mo fi ṣe àkọlé yìí. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà tí mo fi gbọ́ ọ, ẹni tó sọ ọ́ ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ló ń sọ fún ẹnì kejì.

Ṣé ìyìn ni àbí èébú? Bí mo bá mú apá àkọ́kọ́, orí mi wú. Ṣùgbọ́n "o" tó fi kún un yẹn ló ń gún mi. "Ọwọ́ ẹ̀ mọ iṣẹ́ o." Ó ń ṣàánú mi ni! Ká ní ó bú mi, ǹ bá bú u padà, a ó sì jọ gbàgbé.

Oorun kọ̀, ni mo bá tún gbé ìtàn Chuck Yeager mi jáde, awakọ̀ bàálù tó kọ́kọ́ sáré ju ìró lọ. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Ọmọ West Virginia tó parí sẹ́kọ́ńdìrì ní 1941, tó sì wọṣẹ́ ológun lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, mẹkáníìkì bàálù ni wọ́n fi ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e fò, èébì ló ń bì. Òun náà ló di Ọ̀gágun nínú iṣẹ́ ológun òfurufú Amẹ́ríkà ní 1969, kò sì sí dìgírì kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń ṣa àwọn tí yóò kọ́kọ́ lọ sí òde òfurufú ní 1959, dìgírì wà lára ohun tí wọ́n ní kéèyàn mú wá. Yeager ò ní. Ní 1962, ta ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń múra àwọn awakọ̀ sílẹ̀ fún ìrìn àjò yẹn? Mo dá nìkan rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Ìwé ni ò ní o!

Ó yẹ kí n sùn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mò ń tan ara mi. Ẹ jẹ́ ká wo 14 oṣù Kẹwàá 1947, ọjọ́ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Bàálù ńlá B-29 gbé X-1, bàálù kékeré tí wọ́n fi ń dán eré wò, sínú, ó jù ú sílẹ̀ lókè aṣálẹ̀ California, Yeager sì sáré ju ìró lọ ní gíga ẹsẹ̀ bàtà bí 43,000. Bí alẹ́ méjì ṣáájú, ẹṣin ti gbé e ṣubú, eegun ìhà rẹ̀ méjì ti kán, kò sì jẹ́ kí àwọn ọ̀gá gbọ́. Kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún ti ilẹ̀kùn bàálù. Jack Ridley, ẹnjiníà wọn, ló gé igi ìgbálẹ̀ fún un, tó fi í ṣe ọ̀pá tí yóò fi tì í.

Igi ìgbálẹ̀ yẹn làwọn èèyàn máa ń rántí, nítorí ó dùn ún sọ. Wọn kì í rántí pé kí ó tó dọjọ́ náà, bí X-1 bá ti ń sún mọ́ ìyára ìró, ohun tó ń gbé imú rẹ̀ sókè sódò kì í gbọ́ràn mọ́. Ridley ló jókòó ṣe ìṣirò, tó ní kí Yeager máa yí gbogbo ìyẹ́ ìrù náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Caltech ni Ridley ti gba dìgírì rẹ̀. Ìwé wà níbẹ̀ nígbà náà. Ẹlòmíì ló kàn gbé e dání.

Ní 12 oṣù Kejìlá 1953 ńkọ́? Àwọn ẹnjiníà ti kìlọ̀ pé bí X-1A, àbúrò X-1, bá kọjá ìwọ̀n eré kan, kò ní ṣeé ṣàkóso mọ́. Yeager kọjá ibẹ̀, ó dé ìlọ́po 2.44 ìyára ìró, bàálù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta kìtì. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ló fi já wálẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50,000. Ìwé ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ò gbọ́. Ọwọ́ yẹn náà ló sì gbà á padà, tó gbé e bà sílẹ̀ láìfarapa púpọ̀. Èwo ni ká wá mú níbẹ̀? Mo ti ń yí i po láti aago méjìlá.

Bóyá ohun tó ń bí mi nínú ni pé òótọ́ ló sọ. Rárá, kì í ṣe ìyẹn. Ọdún mẹ́rìnlá nídìí ẹ̀rọ kọ́ ni ọdún kan...

Àbúrò yẹn, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú dìgírì méjì, ló wá bá mi nídìí ẹ̀rọ lọ́sàn-án. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti bàjẹ́?" Mo ní mo gbọ́ ọ létí ni. Ó mú kálámù, ó ní kí n ṣàlàyé. Mo la ẹnu, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Òun ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya á, mo ń wò ó, mo ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ yẹn ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gbà á mọ. Ẹ má bi mí.