Wọ́n ti yọ orúkọ ẹ̀, "Lọ́yà" la ṣì ń pè é

Ọ̀rọ̀ àǹtí mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́yà. Èmi rò pé téèyàn bá ti dé wíìgì yẹn báyìí, títí dọjọ́ ikú ni.

Àǹtí ta ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, owó gba ọwọ́ lọ́yà kan tí ọ́fíìsì ẹ̀ wà ní Ojúẹlẹ́gba, lọ́yà bá jókòó lé e. Lónìí á ní bánkì ni, lọ́la á ní òun wà ní kọ́ọ̀tù Ìkẹjà, ọjọ́ tá a wá a débẹ̀ àwọn tó ń bá èèyàn ṣe áfídéfíìtì lẹ́nu géètì nìkan ló dá wa lóhùn, wọ́n tiẹ̀ fẹ́ẹ̀ fà mí láṣọ ya.

Lọ́yà míì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló ní kí wọ́n yéé bẹ ọkùnrin yẹn, kí wọ́n kọ pẹtíṣọ̀n sí NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà. NBA fúnra ẹ̀ ò lè yọ èèyàn o, ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyẹn. Wọ́n á wò ó, tọ́rọ̀ bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wọ́n á gbé e fún LPDC, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lọ́yà tó bá ṣẹ̀, lábẹ́ Body of Benchers, ìyẹn àwọn àgbà lọ́yà àtàwọn adájọ́. Àwọn yẹn ni òfin Legal Practitioners Act 1975 fún lágbára: wọ́n lè bá a wí lásán, wọ́n lè ní kó lọ jókòó sílé fúngbà díẹ̀, wọ́n sì lè pàṣẹ kí wọ́n yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn lọ́yà tó wà ní Supreme Court. Wọ́n tún lè ní kó dá owó olówó padà.

Ó pẹ́, àǹtí fẹ́ẹ̀ rẹ̀, àmọ́ wọ́n yọ ọ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo kọjá ní ọ́fíìsì lọ́yà yẹn lóṣù tó kọjá, bọ́ọ̀dù ẹ̀ ṣì wà lókè gbagidi! Ìyá kan jókòó síwájú ọkùnrin yẹn pẹ̀lú fáìlì, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, mo dá fáìlì yẹn mọ̀, irú ẹ̀ ni tàǹtí mi. Ọmọkùnrin tó ń ta káàdì nísàlẹ̀ ló sọ fún mi pé lọ́yà kékeré kan ló ń bá a sáìnì, òun ló ń lẹ sítáńbù NBA ti ara ẹ̀ mọ́ ìwé tí ọ̀gá bá kọ. Ẹ wo orúkọ tó wà lára sítáńbù kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jọ̀ọ́.

Mo délé mo sọ fún àǹtí. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n ní, "Lọ́yà yẹn? Lọ́yà ṣì wà níbẹ̀?"