Ohun tí lẹ́tà inú fáírọ́ọ̀sì Lásà sọ fún wa ní ọdún 2018

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, nígbà tí ibà Lásà gbòde ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, Oǹdó àti Ẹ̀bọ́nyì, ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Ọ̀wọ̀ ni mo wà. Kí oṣù kẹrin tó parí, àwọn tí àyẹ̀wò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ní àrùn náà ti lé ní 400, irú rẹ̀ kò sì tíì ṣẹlẹ̀ rí ní Nàìjíríà títí di ìgbà náà. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ ní òdìkejì ilé wa kó o, Ọlọ́run sì bá a ṣe é, ó gbádùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé, àwọn oníbàárà rẹ̀ kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan náà tí àǹtí mi kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ dé ìsọ̀ rẹ̀, mo rí ìgbẹ́ eku dúdú wẹ́wẹ́ lórí láfún funfun tí àǹtí mi fúnra rẹ̀ sá sí etí títì. Ó ṣà á kúrò, ó sì fi láfún náà sílẹ̀ sínú oòrùn.

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn àwọn elétò ìlera nígbà náà ni pé, ṣé fáírọ́ọ̀sì náà ti yí padà tó fi ń ràn láti ara ènìyàn dé ara ènìyàn, àbí eku ló ṣì ń kó o ràn wá lọ́kọ̀ọ̀kan? Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwòsàn Ìrúà àti ní ACEGID, ibùdó ìwádìí àbùdá àwọn kòkòrò àrùn ti Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, wá ìdáhùn rẹ̀ sínú àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà. Àbùdá yìí dà bí ìwé ìtọ́ni tó wà nínú fáírọ́ọ̀sì; nǹkan bíi lẹ́tà 10,700 ni ó ní. Bí fáírọ́ọ̀sì náà ṣe ń da ara rẹ̀ kọ, ó máa ń ṣi lẹ́tà kan tàbí méjì kọ, bí ọmọ iléèwé tó ń da iṣẹ́ ojú pátákó kọ, àṣìkọ náà á sì wà nínú gbogbo ẹ̀dà tó bá ti inú rẹ̀ jáde. Nítorí náà, bí mo bá kó o lára aládùúgbò mi, lẹ́tà tó wà lára àwa méjèèjì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu délẹ̀délẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé eku ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kó o ràn wá, ìyàtọ̀ yóò pọ̀ jaburata, torí ó ti pẹ́ gan-an tí fáírọ́ọ̀sì yìí ti ń gbé ara eku ilẹ̀ wa.

Ìyàtọ̀ jaburata ni wọ́n rí. Ọ̀pọ̀ jù lọ aláìsàn ló kó o lára eku tirẹ̀, fáírọ́ọ̀sì náà kì í sì í ṣe irú tuntun. Ní Sierra Leone ní ọdún 2014, òdìkejì èyí ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi hàn nípa Èbólà: àkọsílẹ̀ lẹ́tà fáírọ́ọ̀sì 99 láti ara aláìsàn 78 jọra gan-an, ó sì hàn gbangba pé ara ènìyàn ló ti ń dé ara ènìyàn. Márùn-ún nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ni Èbólà pa kí wọ́n tó tẹ ìwádìí náà jáde, Dókítà Sheik Humarr Khan wà lára wọn. N kì í lè ka iye yẹn kí n má dákẹ́ díẹ̀.

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Èbólà ní ká wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn. Lásà ní ká bo oúnjẹ wa, ká lé eku, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pọn dandan kí àwọn nọ́ọ̀sì wọ ìbọ̀wọ́, torí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lè kó o ràn wọ́n.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún àǹtí mi, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé èkúté ilé wa ló yẹ ká máa sá fún, tí a wá ń sá fún Ìyá Ẹlẹ́kọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ra ike onídèérí méjì fún láfún àti gàrí, ó sì rán mi lọ ra ẹ̀kọ mẹ́fà wá.