Kí Ìròyìn Burúkú Tètè Dé: Ohun Tí Mo Rí Nídìí Aṣáájú Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ipò pọ̀ ju ẹni tó fẹ́ ẹ lọ. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní aṣojú tirẹ̀. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe ti àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ti eléré orí ìtàgé tàbí ti àwọn tó ń gun òkè, ní ààrẹ, akọ̀wé àti akápò, ọdọọdún ni wọ́n sì ń yan òmíràn. Síbẹ̀, àwa tí a ti òkèèrè wá kì í sábà yọjú síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò pamọ́. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni físà akẹ́kọ̀ọ́ gba ọ̀pọ̀ wa láàyè láti fi ṣiṣẹ́ owó nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, a kì í sì í fẹ́ kí wákàtí kan ṣẹ́kù níbẹ̀. Tí a bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìwé ń dúró, oorun náà ń dúró. Ta ni yóò tún lọ jókòó sí ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò ní sanwó rẹ̀?

Ohun tí ìyá mi bi mí lórí fóònù gan-an nìyẹn, nígbà tí mo sọ fún wọn pé wọ́n ti fi mí ṣe aṣojú kíláàsì. "Ṣé wọ́n á máa fún ọ ní nǹkan kan ni?" Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Iṣẹ́ aṣojú kíláàsì kò le lójú: kí o gbọ́ ohun tó ń dun àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, kí o gbé e lọ síbi tí àwọn olùkọ́ ti ń ṣèpàdé pẹ̀lú àwọn aṣojú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ni iṣẹ́ náà yẹ. Ohun tí èmi rí ni pé etí ni iṣẹ́ náà nílò jù. Àwọn tó ń pariwo lórí WhatsApp kì í ju èèyàn bíi mélòó kan lọ, ohun tó ń bí wọn nínú kò sì fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìṣòro àwọn yòókù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́yìn kíláàsì, mo ń bá àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ pé ohun tó fẹ́ pa wá kì í ṣe bí iṣẹ́ ṣe le tó, bí kò ṣe pé gbèdéke iṣẹ́ àṣetiléwá mẹ́rin bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Mo kọ gbogbo gbèdéke náà sórí ìwé kan ṣoṣo, mo tẹ́ ẹ síwájú àwọn olùkọ́. Àwọn fúnra wọn wo ara wọn lójú. Olúkúlùkù ló mọ ti ara rẹ̀, kò sí ẹni tó ti rí ti ẹlòmíràn rí. Wọ́n sún méjì síwájú kí ìpàdé tó tú ká.

Ó yà mí lẹ́nu pé a ti ń jìyà nǹkan yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, àwọn tó lè tún un ṣe kò sì gbọ́. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn ni.

Ibi tí mo ti wá rí ìwọ̀n ara mi ni ẹgbẹ́ Formula Student. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ìdíje ni, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ya àwòrán mọ́tò eré ìje oníjókòó kan, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kàn án, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí Silverstone, pápá eré ìje mọ́tò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti bá ti àwọn yunifásítì mìíràn figagbága. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1981. Ní 1998, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tí wọ́n ń pè ní Institution of Mechanical Engineers gbé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀. Máàkì 1000 ni àpapọ̀ rẹ̀, eré sísá nìkan kọ́ ló sì ń fúnni ní máàkì. Àwọn adájọ́ á bi yín léèrè ìdí tí ẹ fi ṣe irin kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ṣe é, ẹ ó ṣàlàyé iye tó náni, ẹ ó sì fi ọ̀rọ̀ ta mọ́tò náà bíi pé òwò lẹ fẹ́ fi ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni eré: mítà 75 gbọọrọ, kọ́nà tó rí bí òǹkà 8, títí dé eré àfaradà kìlómítà 22 tí awakọ̀ méjì ń pín sá.

Ẹ̀ka iná ni mo wà, torí mọ́tò oníbátìrì la ń ṣe. Nígbà tí aṣáájú ẹ̀ka náà gboyè jáde, èmi ni wọ́n fi síbẹ̀. Kí ẹ má rò pé wọ́n wo gbogbo ayé, èmi ni wọ́n rí. Nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó bá ṣẹ́kù tó sì lè ka àwòrán wáyà ló ń joyè. Àwọn kan nínú ẹ̀ka náà jù mí lọ ní kíláàsì, àwọn kan ti ṣiṣẹ́ ọdún kan ní ilé iṣẹ́ mọ́tò kí wọ́n tó padà wá parí ìwé. Èmi ni mo wá fẹ́ máa pín iṣẹ́ fún wọn. Tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, wọn a ní kí n tún un sọ, torí bí Gẹ̀ẹ́sì mi ṣe ń dún létí wọn. Ó kọ́kọ́ ń tì mí lójú. Nígbà tó yá, mo sọ ọ́ di àṣà pé kí ìpàdé tó tú, mo ti kọ ohun tí a fẹnu kò lé lórí sílẹ̀: iṣẹ́ yìí, lágbájá, ọjọ́ báyìí. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti inú ìyá wọn gan-an sọ pé àwọn kò mọ ohun tí wọ́n máa ń bá kúrò ní ìpàdé tẹ́lẹ̀.

Orúkọ kan sí iṣẹ́ kan: mo di ìyẹn mú gan-an. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ọwọ́ tó pọ̀ tún máa ń dẹ̀. Ní 1913, Max Ringelmann, ẹnjiníà iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde: ó ní kí àwọn èèyàn fa okùn, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Nígbà tí èèyàn mẹ́jọ jọ ń fà á, agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú wá ti dín kù dé nǹkan bí ìdajì ohun tó lè fà tó bá dá wà. Àwọn kan dẹ ọwọ́, àwọn mìíràn kò bá ara wọn fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rí méjèèjì nínú iyàrá iṣẹ́ wa, tí èèyàn méje dúró yí bátìrì kan ká, tí ẹnì kan ń ti síkúrù, tí mẹ́fà ń mú tọ́ọ̀ṣì dání.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn rọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an. Gbólóhùn tó léwu jù lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ ni "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán." Ẹ bi í lọ́jọ́ Ajé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ bi í ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ṣì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Ojú ń tì í láti sọ pé òun kò mọ ọ̀nà mọ́. Kò sì sí ìdí tí kò fi ní tì í, tó bá jẹ́ pé ìbéèrè tí aṣáájú mọ̀ kò ju "Ṣé o ti parí?" lọ. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn ìyẹn, bẹ́ẹ̀ kọ́ sì korò lẹ́nu. Mo yí ìbéèrè mi padà sí "Kí ló ń dí ọ lọ́wọ́?" Ìbéèrè yìí ti gbà tẹ́lẹ̀ pé nǹkan kan ń dí i lọ́wọ́, kò ní láti jẹ́wọ́ mọ́. Mo tún máa ń sọ pé, "Fi ibi tó dé hàn mí." Lójú ẹsẹ̀ la ó ti rí i pé wáyà tó yẹ kó dé lóṣù tó kọjá kò tíì kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Obìnrin onímọ̀ kan wà ní Harvard, Amy Edmondson, tó ṣe ìwádìí nígbà tí òun náà ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó ń wo àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ó rò pé ẹgbẹ́ tó bá wà ní ìrẹ́pọ̀ jù ni àṣìṣe rẹ̀ nípa oògùn yóò kéré jù. Òdì kejì ló bá nínú ìwé: ẹgbẹ́ tó dára ni àṣìṣe rẹ̀ pọ̀. Ohun tó wá yé e ni pé àṣìṣe wọn kò pọ̀ ju ti àwọn tó kù. Wọ́n ń sọ ọ́ jáde ni, àwọn tó kù ń bò ó. Ó tẹ ìyẹn jáde ní 1996. Nígbà tí mo kà á, ọkàn mi lọ sí ẹ̀ka mi tààrà.

Torí pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún kejì na ọwọ́ sókè níparí ìpàdé kan, ó ní àwọn ìsopọ̀ wáyà tí a ti rà fún àpótí bátìrì kò lè gba iná tó máa kọjá nínú wọn. A ti sanwó wọn. Àwọn àgbà nínú ẹ̀ka ti wo àwòrán náà, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Gbogbo ojú yí sí mi, mo sì mọ̀ pé ọmọ náà kọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wo ohun tí màá ṣe fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó wá fi ìṣirò rẹ̀ hàn wá lórí pátákó. Ó ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ìṣirò náà sì tọ́. A dá àwọn nǹkan náà padà, a pàdánù ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wá bá mi: "Mo fẹ́ kí o wo nǹkan kan." Mo ti wá fẹ́ràn gbólóhùn yẹn ju "Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa" lọ.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìbò yàn mí ṣe olórí gbogbo ẹgbẹ́. N kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí lẹ́tà tí a ń kọ sí àwọn ilé iṣẹ́ fún owó. Èyí tó pọ̀ jù kò lésì. Ohun méjì péré ni mo fẹ́ mẹ́nu bà. Àkọ́kọ́, ẹ béèrè déètì ìdánwò ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oṣù kìíní, torí tó bá di oṣù kárùn-ún, iyàrá iṣẹ́ á dá páropáro, ẹ kò sì lè bínú sí ẹni tó lọ kàwé. Èkejì, ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ wà tí àwòrán mọ́tò kò gbọdọ̀ yí padà mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni àwọn èrò tó dára jù máa ń wá! Mo sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ fún ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé àwòrán apá tó rẹwà, irú èyí tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ mọ́tò mọ́lẹ̀, wá lẹ́yìn gbèdéke, ó bínú, ó fi ọ̀sẹ̀ kan yàgò fún mi. Tẹ́lẹ̀, irú ìbínú bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí n sùn. Bruce Tuckman, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ láti 1965 pé ìjà wà lára ìpele tí ẹgbẹ́ máa ń kọjá kí ó tó jókòó dáadáa. N kò sọ pé ó dùn o.

Ní Silverstone, kí mọ́tò tó sá eré kankan, àwọn olùyẹ̀wò á tú u wò láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ gbé e sókè dé ìwọ̀n dígírì 60 láti wò bóyá omi tàbí òróró yóò jò. Wọ́n á dán bíréèkì wò bóyá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dúró gbagidi. Tó bá jẹ́ ti oníbátìrì, wọ́n á tún wọ́n omi lé e lórí bí òjò. Ibi ìyẹ̀wò ti iná ni tiwa ti kùnà: ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bóyá iná ń jò sára irin mọ́tò kò dáhùn bó ṣe yẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó ya ẹnu, ọmọkùnrin kan ní, "Èmi ni. Mo sún wáyà rẹ̀ lánàá." Ó tọ́ka sí i. A tún un ṣe, a padà sórí ìlà. Mo mọ àwọn ẹgbẹ́ tó fi odidi òru wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó mọ ibi tó wà sì dúró láàárín wọn.

Mọ́tò wa kò parí kìlómítà 22 náà. Ó dákú kí wọ́n tó pààrọ̀ awakọ̀, ohun tó wọ́pọ̀ gan-an ni nínú eré yẹn, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dín ẹkún kù. Mo fi nǹkan bíi wákàtí kan bá àwọn awakọ̀ rìn kiri. Nígbà tí mo padà sí ibùdó wa, àwọn ẹ̀ka iná ti yọ dátà jáde lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ti mọ ohun tó pa á, wọ́n sì ti kọ orúkọ ẹni tí yóò tún un ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó rán wọn. N kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Ọmọbìnrin oníṣirò yẹn ló gba ipò náà lọ́wọ́ mi. Ó ti pa ìpàdé ọjọ́ Ajé tí mo fẹ́ràn rẹ́, ó sì ju tábìlì iṣẹ́ tí mo ṣe sórí kọ̀ǹpútà nù, ó ní ó gùn jù. Wọ́n ń tètè parí iṣẹ́ ju ìgbà tèmi lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tẹ́ ẹ ń ka wákàtí iṣẹ́ yín lọ́wọ́, ti aṣojú kíláàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà: kì í gba ju wákàtí díẹ̀ lóṣù, ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni wọ́n sì sábà máa ń yan wọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ gba ipò nínú ẹgbẹ́ ńlá, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kúrò níbẹ̀ pé kó fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín kí ẹ tó dupò. Bí kò bá ní àkọsílẹ̀ kankan, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe.