Kí wọ́n tó gún fíllà sí yín lójú, ẹ bi wọ́n léèrè oògùn tó ń yọ́ ọ

Ọ̀sẹ̀ keje rèé, mi ò tíì lè fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi láìjẹ́ pé àyà mi já. Ẹ̀yin tí ẹ ń gún abẹ́rẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ bíi tèmi, tí ẹ ń wo dígí tí ojú yín ò jọ yín mọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mounjaro ni mò ń gún, abẹ́rẹ́ tó ń mú ara fọn. Láàárín oṣù mọ́kànlá, mo kúrò ní kílò 112, mo bọ́ sí 81. Gbogbo ibi tó fọn ló dùn mọ́ mi, àfi ojú. Ọ̀rá ló ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ró. Nígbà tí ọ̀rá yẹn sá lọ, awọ ò rójú sún tẹ̀lé e, ẹni ọdún 49 sì ni mí. Ojú mi jìn sínú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi já wálẹ̀, ẹnu mi rí bíi ti ẹni tó ń bínú nígbà gbogbo. Ní òde ìnáwó kan ní Peckham, ní London, ìyá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara yín le?" Kí n tó dáhùn, ó ti ń gbàdúrà. (Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ǹ bá máa rìn, kí n sì jáwọ́ nínú iyán. Mo rìn títí. Dókítà ló ní ìtọ̀ ṣúgà ti ń kan ilẹ̀kùn.)

Ti ìyá mi ló wá burú jù. Fídíò WhatsApp ni, láti Ìbàdàn. Wọ́n gbé fóònù súnmọ́ ojú wọn, wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, kí ló ń ṣe ọ́? Má parọ́ fún mi o." Mo ní ara ni mò ń dín kù. Wọ́n ní, "Èmi ni mo bí ọ," wọ́n bú sẹ́kún. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí mo fi lọ gún fíllà, ohun tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ kí ojú tó jìn lè kún padà.

Yàrá kan ni, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Obìnrin náà mọ́ tónítóní, ó wọṣọ bíi nọ́ọ̀sì, ó fi ìwé ẹ̀rí kọ́ ara ògiri. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo wà yìí, kò dìgbà téèyàn bá jẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kó tó gún fíllà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lọ wẹ́rẹ́. Ó bọ́ sí òsì, sí ẹ̀gbẹ́ imú, níbi ìlà tó sọ̀ kalẹ̀ sẹ́nu. Bí abẹ́rẹ́ ṣe wọlé, iná kan ta láti imú mi dé eyín. Mo ké. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fara dà á, ó ti ń tán." Nígbà tó gbé dígí fún mi, ojú ibẹ̀ ti rí bí eérú. Ó ní kí n fi yìnyín sí i.

Ní aago mọ́kànlá alẹ́, ó ti rí bí àdìrẹ tí aró ò mú dáadáa: ibì kan ṣú, ibì kan ràndánràndán, ìlà tínrín-tínrín aláwọ̀ àlùkò sì gba àárín wọn. Mo fìka tẹ̀ ẹ́, mo gbé ìka kúrò, ẹ̀jẹ̀ ò padà síbẹ̀. Mo tẹ ti ọ̀tún, ó padà kíá. Ó tó ogún ìgbà tí mo ṣe é. Mo pè é. Ó ní awọ dúdú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá ó ní nǹkan tó lè yọ́ ohun tó gún sí mi lójú. Ó ní, "Nǹkan bíi kí ni?"

Inú ilé ìwẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo kà á lórí fóònù pé fíllà lè ṣèèṣì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ kó dí i pa, kí ẹran ibẹ̀ kú, pé ó ti fọ́ àwọn ẹlòmíràn lójú. Mo fọwọ́ bo ojú òsì, mo fi ọ̀tún wo táwẹ́ẹ̀lì tó wà lára ògiri. Mo bo ọ̀tún, mo fi òsì wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ṣe mọ́.

Láàárọ̀, mo rí dókítà tó ní hyaluronidase, oògùn tó ń yọ́ fíllà. Ó gún un sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀jẹ̀ padà. Ó tán.

Nítorí náà, kí ẹ tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni: "Ṣé hyaluronidase wà níbí lónìí? Ta ló mọ̀ ọ́n gún?" Ẹ ní kí wọ́n gbé e jáde, kí ẹ fojú rí i. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ gbé báàgì yín. Fíllà tí wọ́n fi hyaluronic acid ṣe nìkan ni oògùn náà ń yọ́ o. Sculptra, abẹ́rẹ́ ojú mìíràn tó ń rọra mú awọ nípọn láàárín oṣù mélòó kan, kò ní oògùn tó ń yọ́ ọ. Mi ò ní kò dáa. Mo ní bó bá ti wọlé, ó di ẹ̀yin àti òun.

Ẹ jẹ́ kí kílò yín kọ́kọ́ dúró sójú kan. Dókítà tí mo wá bá yìí ní ó kéré tán oṣù mẹ́fà. Èmi ṣì ń fọn lọ́wọ́ nígbà tí mo sáré lọ, nítorí ẹkún ìyá mi. Kódà ọ̀rá tí wọ́n bá fà níkùn yín gún sójú, apá kan rẹ̀ á lọ, èyí tó kù á sì máa sanra bí ẹ bá ń sanra.

Awọ tó bá ti já wálẹ̀ gan-an, fíllà ò lè gbé e. Ẹni tó bá ń rọ ọ́ sí i lójú á wú bí àkàrà ni. Iṣẹ́ abẹ ló ń gbé e, wọ́n á là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Èmi tí mo ti ní kíìlóìdì, àpá tó máa ń wú sókè, látìgbà tí wọ́n ti dá etí mi lu, mo ṣì ń rò ó. Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ sọ fún dókítà tó máa kùn yín lóorun pé ẹ ń gún abẹ́rẹ́ yìí. Oúnjẹ máa ń pẹ́ nínú ikùn wa, ó lè gun òkè lójú oorun kó bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ó ní kí lèmi mọ̀, mi ò kúkú ṣe dókítà. Òótọ́ ni. Àmọ́ obìnrin yẹn náà kì í ṣe dókítà, kò sì ní hyaluronidase.

Àpá kékeré kan ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú mi. Ìyá mi rí i lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní ẹ̀fọn ló jẹ mí.