Mo Ń Bọ̀ Tí Kì Í Dé

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ mi, wọn kò sì mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Eré ìyá àti ọmọ ni wọ́n ń ṣe. Èyí ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ ọmọ ọdún 9, ló ń ṣe ìyá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 5, ló ń ṣe ọmọ. Ọmọ fa ìyá láṣọ, ó ní òun fẹ́ fi àwòrán kan hàn án. Ìyá kò gbójú sókè. Pákó pẹlẹbẹ kan ló gbé dání, ó ń fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì fi ohùn kan tí kò le, tí kò sì rọ̀, dá a lóhùn pé: “Mo ń bọ̀, jẹ́ kí n parí èyí.” Ọmọ dúró díẹ̀, ó lọ jókòó, eré sì ń bá a lọ.

Ohùn mi ni. Bí mo ṣe máa ń fà á ní ìparí ọ̀rọ̀ náà ni ọmọbìnrin mi ṣe fà á.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, nítorí kò sí òbí tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dí. Ohun tó dùn mí ni pé èyí tó ń ṣe ọmọ kò bínú, kò sì sunkún; ńṣe ló lọ jókòó bí ẹni tó ti mọ̀ tipẹ́ pé “mo ń bọ̀” ti ìyá òun kì í dé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni mo ti ń pariwo lé wọn lórí pé wọ́n ń wo ẹ̀rọ jù, pé wọn kì í tètè sùn, àti pé a gbọ́dọ̀ pè wọ́n tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí wọ́n tó jẹ́ wa lóhùn.

Mo rántí ìwádìí tí onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, Albert Bandura, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Stanford, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1961. Ọmọdé 72 ni wọ́n lò. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan nínú wọn wo àgbàlagbà tó ń lu ọmọláńgidi ńlá kan tí a fẹ́ atẹ́gùn sí nínú, lẹ́yìn náà wọ́n fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ níbi tí irú ọmọláńgidi bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn tó rí i bí àgbàlagbà ṣe lù ú ń lù ú bákan náà, àwọn kan tilẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu àgbàlagbà náà jáde, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n kọ́ ọ. Mo ti ka ìwádìí yìí rí, mo sì ti fi gba àwọn òbí mìíràn nímọ̀ràn nípa ohun tí àwọn ọmọ wọn ń wò. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé èmi gan-an ni wọ́n ń wò nínú ilé tèmi. A máa ń sọ pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ọmọ nìkan la sì máa ń kọjú sí nígbà tí a bá ń sọ ọ́. Ìrókò tó ti gbó, tó ń rìn kiri inú ilé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa ń bá a wí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí òbí tí ojú ń tì máa ń ṣe: mo ṣòfin. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ òfin mọ́kànlá sórí bébà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀rọ lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kí gbogbo ilé ti sùn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Kí olúkúlùkù ka ìwé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí a tẹ́ ibùsùn kí a tó jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ó lọ títí tó fi dé orí mímu omi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò láyé. Àwọn ọmọ kọ́ ló kọ́kọ́ rú u, èmi ni. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ní aago méje, mo fèsì, láti orí èsì yẹn ni mo ti ṣí ohun mìíràn wò, nígbà tí n ó sì fi gbójú sókè, aago mẹ́jọ ti kọjá. Èyí ẹ̀gbọ́n wò mí, ó wo bébà ara ògiri, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ì bá sàn kó sọ̀rọ̀.

Mo ti fọkàn sí i pé bí a bá lè rọ́jú fún ọjọ́ 21, gbogbo rẹ̀ yóò ti mọ́ wa lára. Ibi tí ọjọ́ 21 yìí ti ṣẹ̀ ni pé dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, Maxwell Maltz, kọ ọ́ ní 1960 pé àwọn tí òun tún ojú wọn ṣe máa ń lò tó nǹkan bí ọjọ́ 21, ó kéré tán, kí ojú tuntun náà tó mọ́ wọn lára. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ẹnu dé ẹnu ni “ó kéré tán” já bọ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀lé èèyàn 96 fún ọ̀sẹ̀ 12, tí olúkúlùkù wọn yan ohun kékeré kan tí yóò máa ṣe lójoojúmọ́, àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 fi hàn pé nǹkan bí ọjọ́ 66 ni iye àárín tí wọ́n lò kí ó tó mọ́ wọn lára. Ẹlòmíràn kò lò ju ọjọ́ 18, nígbà tí ìṣirò wọn fi hàn pé ẹlòmíràn lè lò tó ọjọ́ 254. Ohun tó tù mí nínú jù nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó bá pa ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ kò tíì ba nǹkan jẹ́. Èmi ní tèmi, bí mo bá ti kùnà lọ́jọ́ kan, mo máa ń ka gbogbo rẹ̀ sí òfò, n ó sì jáwọ́.

Mo ya bébà náà, mo sì mú ohun kan ṣoṣo. Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, Peter Gollwitzer, ti ṣàlàyé ní 1999 pé ẹni tó bá ti pinnu ṣáájú pé “bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ohun tí n ó ṣe nìyí” máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní òun fẹ́ yí padà. Nítorí náà, mo gbé apẹ̀rẹ̀ kékeré kan sórí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ìpinnu mi kò sì ju báyìí lọ: bí mo bá ti gbé àpò iṣẹ́ mi kalẹ̀, fóònù yóò wọ inú apẹ̀rẹ̀, kò sì ní jáde títí àwọn ọmọ yóò fi sùn. Mo sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ pàjáwìrì kí ó pè mí, n ó gbọ́ bó bá dún. Láàárín oṣù àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ló dún, ẹni náà sì ṣi nọ́ńbà pè ni. Ó dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo ka iye ìgbà tí ọwọ́ mi lọ sí àpò aṣọ mi láti wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìgbà 14 ni. Mo ń ti inú yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ọwọ́ ti lọ. Mo jókòó, ọwọ́ ti lọ. Ọmọ ń bá mi sọ̀rọ̀, ó dákẹ́ díẹ̀ láti ronú ohun tó kàn, ọwọ́ tún ti lọ. Àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ sọ pé ohun tí a bá ń ṣe léraléra máa ń bọ́ sọ́wọ́ apá kan nínú ìjìnlẹ̀ ọpọlọ, kí apá tó ń ronú, tó sì ń ṣe ìpinnu, lè sinmi. Mo gbà wọ́n gbọ́, nítorí ọwọ́ yẹn kò béèrè lọ́wọ́ mi kó tó lọ. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ó tó jẹ́ pé apẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ ń nà sí fúnra rẹ̀ bí mo bá ti wọlé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe máa jáde níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó kọjú sí oorun. Àjọ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà gbé ìmọ̀ràn jáde ní 2016 pé ọmọ ọdún 3 sí 5 nílò oorun wákàtí 10 sí 13 láàárín ọ̀sán àti òru, pé ọmọ ọdún 6 sí 12 sì nílò wákàtí 9 sí 12. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni àwọn ọmọ mi ń jí. Ẹni tó bá lè ka ìka ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn yóò rí i pé aago mẹ́jọ alẹ́ ló yẹ kí ojú wọn ti pa dé, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́wàá kì í ṣàjèjì sí ilé wa. Dípò kí n máa pariwo aago, mo to nǹkan tẹ̀ léra kí ọ̀kan lè máa pe èkejì: wọ́n á wẹ̀, a ó fọ eyín, a ó ka ìtàn kan, iná á kú.

Kì í ṣe pé wọn á fọ eyín. A ó jọ fọ̀ ọ́ ni. Nígbà tí mo ń sọ “ẹ lọ fọ eyín yín” láti orí àga, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni wọ́n ń lò, wọ́n á kan bu omi sẹ́nu, wọ́n á tú u dànù. Nísinsìnyí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa ń tò síwájú dígí. Ìṣẹ́jú méjì tí àwọn dókítà eyín ń sọ gùn ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Orin kan tí a máa ń kùn nímú la fi ń wọ̀n ọ́n, nítorí ẹnu kò ráyè kọrin. Àbúrò máa ń kùn ún yára kó lè tètè parí, ẹ̀gbọ́n á fi ìgúnpá gún un, á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ìfófòó á máa ṣàn bọ̀ ní àgbọ̀n rẹ̀ dé ọrùn. N kò tíì rí ọjọ́ tí a ṣe é tán tí aṣọ ẹnì kankan kò tutù.

Mo ṣe àṣìṣe kan lákòókò yìí tó yẹ kí n sọ. Mo ra ìràwọ̀ aláwọ̀ wúrà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ bébà, mo ní ẹni tó bá ka ìwé kí ó tó sùn yóò gba ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ràn ìwé tẹ́lẹ̀, a kò bẹ̀ ẹ́ rí kó tó kàwé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìwé tó tín-ín-rín jù, ó ń béèrè bóyá ìwé méjì kéékèèké lè jẹ́ ìràwọ̀ méjì. Ohun kan náà ni àwọn olùwádìí mẹ́ta, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett, rí ní 1973 lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé tó fẹ́ràn àti máa ya àwòrán: àwọn tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún kò yà á mọ́ tó àwọn yòókù nígbà tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ láti ṣe ohun tó wù wọ́n. Mo kó ìràwọ̀ kúrò nílẹ̀. Ó tó oṣù kan kí ìwé tó nípọn tó tún padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo sì mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Fún ara mi, ìwé kíkà ló nira jù. Mo ti máa ń pe ara mi ní ẹni tó fẹ́ràn ìwé, àfi ìgbà tí mo ṣí ọ̀kan, tí mo rí i pé n kò lè ka ojú ewé mẹ́ta kí ọkàn mi má lọ. Mo gbà fún ara mi, ojú ewé méjì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lójú àwọn ọmọ, lórí àga kan náà, lásìkò kan náà. Mo sì ra aago kékeré tó ń dún láàárọ̀, nítorí àwáwí tó kù fún fóònù láti bá mi wọ yàrá ni pé òun ló ń jí mi.

Ọkọ mi kò bá mi fi tirẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ fún oṣù méjì àkọ́kọ́, n kò sì bá a jà. Nígbà tí ó yá, ó ń gbé e sójú fèrèsé; ó ní ojú fèrèsé kì í ṣe apẹ̀rẹ̀, òun kò tẹ̀ lé òfin ẹnikẹ́ni. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé. Ibà mú àbúrò fún ọjọ́ mẹ́fà, gbogbo ètò sì túká: a ń sùn nígbà tí oorun bá mú wa, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án lóru kí ọmọ lè dákẹ́, fóònù kò kúrò lọ́wọ́ mi nítorí dókítà. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, mo ti ń múra láti tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tó lè dìde, a wẹ̀ ẹ́ tán, kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti lọ dúró síwájú dígí, ó ń kùn orin náà nímú láìtíì mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ń dúró dè wá.

Ohun tí kò tíì kúrò lára mi títí di òní ni “mo ń bọ̀” fúnra rẹ̀. Fóònù ti lọ, ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ. Mo ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mo ń sọ ọ́ nígbà tí mo bá ń ká aṣọ. Ní àná, aṣọ ni mo ń fọ̀ nígbà tí àbúrò pè mí wá wo ilé kan tó fi pákó kọ́, ó sì ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Kò lọ jókòó. Ó wá dúró tì mí, ó ní, “Màmá, ìṣẹ́jú mélòó ni ‘mo ń bọ̀’ yín?” Mo ronú sí i, mo ní mẹ́ta. Ó lọ dúró níwájú aago ara ògiri tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà dáadáa, ó gbé ojú sókè sí ọ̀pá rẹ̀ tó gùn, ó ń ṣọ́ ọ. Mo fi aṣọ sílẹ̀ sínú ọṣẹ, mo nu ọwọ́ mi, mo lọ wo ilé náà.